Bí A Ṣe Ń Da Òkúta Sábẹ́ Rélùwéè Àwòṣe Tí Yóò Fi Jọ Ojú Irin Gidi

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń to rélùwéè àwòṣe sórí tábìlì ló máa ń ṣe dáadáa títí wọ́n á fi kan ibi òkúta. Irin ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ ń sáré, ibùdókọ̀ ti dúró. Wọ́n á wá da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á da gọ́ọ̀mù lé e lórí. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, òkúta ti ṣù jọ níhìn-ín, ó ti dá kòtò lọ́hùn-ún, oríta irin, ìyẹn ibi tí ojú irin kan ti pín sí méjì, ti gan pa, ọkọ̀ kò sì gbéra mọ́. Èmi náà ti ba oríta irin mẹ́ta jẹ́ báyìí kí n tó mọ ohun tó ń fà á. A kì í tẹ̀ lé ètò. A ń da òkúta nígbà tí a kò tíì kun irin, a sì ń da gọ́ọ̀mù nígbà tí òkúta ṣì gbẹ.

Ìwọ̀n OO àti HO ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn. OO jẹ́ ìdá kan nínú 76 ohun gidi, HO jẹ́ ìdá kan nínú 87, mílímítà 16.5 ló sì wà láàárín irin méjèèjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá ń lo N, ìwọ̀n tó kéré ju méjèèjì lọ, lè tẹ̀ lé ìlànà yìí kan náà. Òkúta tirẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti sẹ́ (àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀)
- Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò. Ẹ má ra irú èyí tí omi kì í ràn
- Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́
- Sípíríìtì díẹ̀
- Ìgò òògùn ojú tó ti tán, tàbí sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́
- Ìgò tó ń fọ́n omi bí ìrì, irú èyí táwọn onírun ń lò
- Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ méjì, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́
- Ọ̀dà tí kì í dán, ti àwọ̀ ilẹ̀, ti àwọ̀ eérú àti ti ìpẹtà
- Òòfà kan tó lágbára
- Ṣíbí tíì, àkísà tó mọ́, igi ìtayín, epo ẹ̀rọ díẹ̀

Òkúta ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ rélùwéè gidi sábà máa ń tó mílímítà 30 sí 50. Tí ẹ bá pín in sí 76, yóò kù bíi mílímítà 0.4 sí 0.7. Ìyẹn ni pé òkúta tó bá tóbi tó orí ìṣáná ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá da irú rẹ̀ sílẹ̀, ṣe ni ojú irin rẹ̀ yóò dà bí ibi tí àpáta ti ya lulẹ̀. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà lè rí èyí tí a ti pèsè nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta rélùwéè àwòṣe. Ní Nàìjíríà, eruku òkúta táwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń rà láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta dára gan-an, nítorí pé òkúta gidi ni, ó sì ní igun. Iyanrìn odò kò ní igun, omi ti yí i gbirigbiri, ojú á sì mọ̀ ọ́n. Iyanrìn etí òkun burú jùyẹn lọ, torí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò jẹ irin.

Ẹ fi asẹ́ sẹ́ eruku òkúta náà kí èyí tó tóbi lè dúró sókè. Ẹ wá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ èyí tó bọ́ sílẹ̀ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè jáde. Èyí tó kù nínú aṣọ lẹ ń wá. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rá wé òòfà, kí ẹ sì wọ́ ọ kọjá nínú òkúta náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ohun dúdú wẹ́wẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Òòfà wà nínú mọ́tò ẹ́ńjìnnì àwòṣe. Tí ẹ bá fi ohun dúdú yẹn sílẹ̀ sábẹ́ irin, mọ́tò á fà á wọlé, á sì jẹ eyín jíà rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ da òkúta díẹ̀ sórí bébà funfun, ẹ gbé òòfà kọjá lókè rẹ̀. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ fò sókè.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ wo ojú irin gidi

Ẹ yan ojú irin kan pàtó tí ẹ fẹ́ kó jọ. Ẹni tó bá kàn ń ṣe "ojú irin" lásán, ohun ìṣeré ni yóò bá lọ́wọ́ ara rẹ̀ níkẹyìn. Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Mílímítà 1435 ló wà láàárín irin rẹ̀. Kọnkéré ni ìdábùú rẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó wà ní ìbú lábẹ́ irin, òkúta rẹ̀ ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ dọ́gba látòkèdélẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀nà àtijọ́ oní mílímítà 1067 tó gba Abẹ́òkúta kọjá. Níbẹ̀, ilẹ̀ pupa ti gun òkúta, ewéko ti hù láàárín ìdábùú, àwọn ibì kan sì wà tí ẹ ò ní rí òkúta rárá. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti àtijọ́ ni ọkàn mi fà sí jù, torí gbogbo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ló ní ìtàn tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwọ̀n ti àtijọ́ yẹn péye, irin HO oní mílímítà 16.5 yìí kan náà bá a mu tí ẹ bá kọ́ ilé àti ọkọ̀ yín ní ìdá kan nínú 64, torí 16.5 lọ́nà 64 jẹ́ 1056. Tàbí kí ẹ ra irin oní mílímítà 12, kí ẹ fi ọkọ̀ ìdá kan nínú 87 sórí rẹ̀, ìyẹn á jẹ́ 1044. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ ya fọ́tò láti orí ibùdókọ̀ tàbí láti orí afárá. Ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sí ojú irin. Ẹ ya ibi tí ẹ́ńjìnnì máa ń dúró sí, ẹ ya ìdí oríta irin, ẹ ya ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá. Ẹ tẹ fọ́tò náà síta, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì iṣẹ́ yín.

Ìpele 2: Ẹ rí i pé iná dé ibi gbogbo

Tí òkúta bá ti gan, ẹ kò ní lè gbé irin mọ́ láìba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, gbogbo wáyà tí ẹ bá máa fi òjé jó mọ́ irin, ẹ jó o báyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yín tó lọ́ra jù lọ rìn ní gbogbo ojú irin, síwájú àti sẹ́yìn, pẹ̀lú iná tó kéré jù tó lè gbé e. Ibi tó bá ti gbọ̀n tàbí tó ti dúró, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ tún un ṣe.

*Àyẹ̀wò:* kó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí pé ọwọ́ yín kàn án.

Ìpele 3: Kíkun irin àti ìdábùú

Irin tí ẹ rà ń dán bíi ṣíbí tuntun. Irin gidi kì í dán àfi lórí níbi tí àgbá, ìyẹn ẹsẹ̀ ọkọ̀, ń gbà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Iṣẹ́ yìí gan-an ló ń yí ojú irin padà jù, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò.

Ẹ po ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ ti ìpẹtà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń lo àwọ̀ ìpẹtà tó mọ́ fòò bí ọsàn. Ẹ wo fọ́tò yín dáadáa: àwọ̀ obì tó ti pẹ́ nílé ni irin gidi ń fà sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kun ẹ̀gbẹ́ irin, ní inú àti ní ìta. Nígbà tí ẹ bá kun nǹkan bí ìwọ̀n apá kan (gígùn apá èèyàn, láti èjìká dé ìka), ẹ fi àkísà nu orí rẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ. Ẹ wá fi ọ̀dà àwọ̀ eérú tó fẹ́lẹ́ kun ìdábùú, kí ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn yàtọ̀ sí ara wọn.

Ẹ ṣọ́ra ní oríta irin. Irin méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣí tó sì ń pa, tí mo máa pè ní ahọ́n, ibi tí ó ti ń kan irin ńlá ni iná ń gbà. Ọ̀dà kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Ẹ fi tépù bò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan, kí ẹ tún jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rìn. Tó bá ń kọsẹ̀, ọ̀dà ti gun orí irin níbì kan. Ẹ fi àkísà tó ní sípíríìtì díẹ̀ nù ún. Ẹ má ṣe fi sáńpépà ha á, torí ojú ibi tí sáńpépà bá ti gé ni ìdọ̀tí yóò máa rọ̀ mọ́ títí láé.

Ìpele 4: Dída òkúta ní gbígbẹ

Ẹ yọ wáyà iná kúrò. Kò sí ìdí tí iná fi gbọ́dọ̀ wà lórí irin láti ìsinsìnyí títí di ìpele 6.

Ẹ fi ṣíbí tíì da òkúta sáàárín irin méjèèjì, díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè ṣàfikún, ṣùgbọ́n kíkó èyí tó ti pọ̀ jù kúrò kò rọrùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ gbá a lọ sáàárín ìdábùú. Tó bá ti dọ́gba, ẹ fi ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì kan orí irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi ìka kan ìlẹ̀kùn. Òkúta tó jókòó sórí ìdábùú yóò mì, yóò sì bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ìta irin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ jẹ́ kó dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́.

Orí ìdábùú gbọ́dọ̀ hàn. Kí òkúta rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ibi tó léwu jù ni ẹ̀gbẹ́ inú irin, torí etí àgbá ń rìn níbẹ̀. Òkúta ẹyọ kan tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú yìí tó láti gbé àgbá kúrò lórí irin. Irin kan wà tó ga tó mílímítà 2.54, òmíràn kò ju 1.9 lọ. Ẹni tó bá ń lo èyí tó kúrú gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ ọn ju àwọn yòókù lọ.

Ní oríta irin, ẹ fi epo ẹ̀rọ ẹ̀kán kan sí abẹ́ ahọ́n àti sí ọ̀pá tó ń fà á, kí gọ́ọ̀mù má baà ríbi dì mú. Ẹ má ṣe da òkúta sábẹ́ ọ̀pá náà rárá. Ẹ kun ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọ̀ òkúta ṣáájú, ojú kò ní mọ̀ pé òkúta kò sí níbẹ̀. Ẹ máa fa ọ̀pá náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹ ti ń ṣe é.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tẹ orí yín sílẹ̀ kí ojú yín bá irin dọ́gba, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì láti ìkángun kan. Òkúta tó bá yọ sókè yóò ju òjìji gígùn. Ẹ fi igi ìtayín tì í lọ. Ó lè gbà yín ní ìṣẹ́jú 20 fún ìwọ̀n apá kan. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20 yẹn, torí ohunkóhun tí ẹ bá gbójú fò níbí ni gọ́ọ̀mù yóò so mọ́lẹ̀.

Ìpele 5: Omi ná, kí gọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹni tó bá kán gọ́ọ̀mù sórí òkúta gbígbẹ yóò rí i pé gọ́ọ̀mù náà ṣù bí omi lórí ewé kókò. Kì í wọlé. Yóò yí òkúta mọ́ra, yóò sì fi kòtò sílẹ̀. Kí òkúta tutù dé ìdí ni oògùn rẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ olómi ẹ̀kán mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi ife kan. Ọṣẹ ni kì í jẹ́ kí omi ṣù. Ẹ gbé ìgò afọ́nmi náà sókè, tó ìwọ̀n apá kan sí òkúta, kí ẹ fọ́n ọn kó máa rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìrì. Ẹ má kọjú ẹnu ìgò sí òkúta láti tòsí, ẹ ó fẹ́ ẹ lọ ni. Tí omi bá ṣì ń ṣù, ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹ rántí nǹkan méjì: sípíríìtì lè tú ọ̀dà olómi tí ẹ fi kun irin, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbì kan tó pamọ́, ó sì ń gbiná kíá, nítorí náà kí fèrèsé ṣí, kí iná má sí nítòsí.

Ẹ fọ́n omi títí òkúta yóò fi dúdú dénú. Lẹ́yìn náà, ẹ po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ omi ní ìlàjì-ìlàjì, kí ẹ kán ọṣẹ ẹ̀kán méjì sí i. Ó gbọ́dọ̀ ṣàn bíi mílíìkì. Ẹ fà á sínú ìgò òògùn ojú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín irin, ẹ kán an sáàárín ìdábùú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó tàn fúnra rẹ̀. Ẹ ó rí i bí funfun rẹ̀ ti ń rìn lábẹ́ òkúta, ó dùn ún wò. Ẹ wá ṣe ẹ̀gbẹ́. Tí òkúta bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ padà fọ́n omi sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe ju ìwọ̀n apá kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí omi kì í pẹ́ gbẹ.

Ní oríta irin, ẹ kán gọ́ọ̀mù ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa ṣí ahọ́n kí ẹ sì máa pa á ní gbogbo wákàtí kan títí ẹ ó fi lọ sùn.

Kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀, ẹ nu orí irin àti ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù. Gọ́ọ̀mù tó bá gbẹ síbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà òjò, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì.

Àwọn kan kì í fẹ́ gọ́ọ̀mù funfun nítorí pé ó ń le gbagidi, ariwo ọkọ̀ á sì wá máa dún lórí pákó. Òótọ́ ni. Gọ́ọ̀mù rọ́bà máa ń rọ̀, kì í pariwo. Mo ṣì ń lo ti funfun, torí pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè tú u ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ yọ irin padà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má ra irú èyí tí omi kì í ràn nìyẹn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kò gbọdọ̀ mì, kò gbọdọ̀ tutù. Ẹ na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ bo ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa eruku, kí ẹ gbé e kọjá lókè òkúta. Òkúta tí kò bá di yóò dúró lára ìbọ̀sẹ̀, ẹ ó sì lè lò ó padà. Níbi tó ti jáde, ẹ tún omi àti gọ́ọ̀mù ṣe.

Ìpele 6: Ẹ dá iná padà

Ẹ nu irin, ẹ so wáyà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó lọ́ra yẹn rìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tó bá ti ń dún bí ẹni jẹ gúgúrú, òkúta wà níbẹ̀ tó ń kan àgbá. Ẹ fi igi ìtayín gún un kúrò. Tí oríta irin bá le, ẹ kán omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ìdí ahọ́n, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi agbára fà á, ike ni ọ̀pá rẹ̀.

Ìpele 7: Ìdọ̀tí

Òkúta tuntun mọ́ jù. Ẹ po ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, bí ẹni fẹ́ fi omi fọ búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi kun àárín irin nìkan. Ìta rẹ̀ máa ń mọ́ ju àárín lọ. Níbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń dúró sí ní ibùdókọ̀, ẹ kán dúdú díẹ̀ sí àárín gan-an, torí epo ń kán síbẹ̀. Ní ìdí oríta irin náà, epo wà níbẹ̀. Ẹ wo fọ́tò ara ògiri, ẹ má fi orí ṣe é. Ẹ̀kún búrọ́ọ̀ṣì kan ti pọ̀ jù.

Fún ọ̀nà àtijọ́, ilẹ̀ pupa gidi ni mo ń lò, kò sí ọ̀dà tó jọ ọ́. Ẹ yan án nínú ìkòkò àtijọ́ lórí iná fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì tún òòfà wọ́ kọjá nínú rẹ̀, torí irin pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa wa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ òkúta níbi tí òkúta ti pàdé ilẹ̀, ẹ fọ́n omi ọlọ́ṣẹ sí i, ẹ kán gọ́ọ̀mù tó fẹ́lẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ó máa ń dúdú nígbà tó tutù, èèyàn á rò pé ó ti pọ̀ jù.

Ìpele 8: Koríko

Koríko oníke mílímítà 2 àti 4 ló yẹ OO. Mílímítà 4 lọ́nà 76 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn ni koríko tí kò tíì dé orúnkún. Ẹ má lo àwọ̀ ewé nìkan. Ẹ po ti àwọ̀ ewé mọ́ ti àwọ̀ koríko gbígbẹ, kí gbígbẹ pọ̀ jù bí ẹ bá ń ṣe oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ kán gọ́ọ̀mù ní tótòtó, ní ìdí ìdábùú, ní etí gọ́tà, ní ẹ̀yìn ilé tí ẹsẹ̀ kì í dé. Ibi tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá irin lọ sọ́jà, ẹ fi í sílẹ̀ ní pípá.

Ẹ wá fi ọwọ́ ti kóòṣì yín tó gùn jù lọ gba gbogbo ibi tí irin ti tẹ̀. Ikùn rẹ̀ máa ń yọ sínú, ìdí rẹ̀ sì máa ń yọ síta. Koríko tó bá kàn án, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbé fóònù yín kalẹ̀ sórí ojú irin gan-an, kí ẹ ya fọ́tò láti ibẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ara ògiri. Ohun tó bá ń dán, tó tóbi jù tàbí tó dọ́gba jù yóò yọ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kí ẹ so ọkọ̀ gbogbo pọ̀, kí ẹ jẹ́ kó rìn fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì jókòó tì í.